Àká Tí Wọn Kò Ṣí fún Mẹ́tìrì Ignace

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Mẹ́tìrì Ignace ní abúlé wa, tó wà lẹ́bàá títì láàárín Glei àti Atakpamé, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Àìkú tó gun àgéré wá síbi ẹ̀kọ́. Ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun jókòó sórí òrùlé ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀, ó so igi gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀ bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó Tchébé, ijó àgéré wa, ti máa ń so ó, ó dìde, ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ lójú títì, ìwé lábẹ́ abíyá.

"Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí," ló ké láti òkè, "ni pé kí èèyàn gbé ojú kúrò nílẹ̀! Ẹni tó bá ga ló ń ríran jìnnà!"

"Kí lẹ rí lọ́hùn-ún, Mẹ́tìrì?" Ẹ̀taòkò, olórí àwọn oníjó àgéré, ló béèrè.

"Mo rí òrùlé yín. Púpọ̀ nínú wọn ló ti ń jò."

Ẹ̀kọ́ dùn, àmọ́ sísọ̀kalẹ̀ di ìṣòro. Ẹni tó gun àgéré kì í bẹ́ sílẹ̀. Orí òrùlé ló ti ń gbéra, orí òrùlé ló sì gbọ́dọ̀ padà sí kó tó lè tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ èyí láti kékeré, wọ́n á ti wo ibi tí wọn yóò sọ̀ sí kí wọ́n tó dìde. Mẹ́tìrì kò wò ó, torí kò sí nínú ìwé. Ilé rẹ̀ ti jìnnà, òrùlé kan ṣoṣo tó sì bá ìdí rẹ̀ dọ́gba nítòsí ni ti àká kọfí, tó kọjú sí igi máńgòrò tí Mẹ́tìrì ti máa ń kọ́ni lábẹ́ rẹ̀.

Fádáhùnsí, alága ìgbìmọ̀ abúlé, tí kọ́kọ́rọ́ àká náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, sáré jáde.

"Má jókòó síbẹ̀ o! A ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù rẹ̀ ni!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n."

"Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fẹnu kò ná. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mẹ́tìrì bá di ẹ̀ka máńgòrò mú, ó ń kọ́ni lọ, torí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Ọkọ̀ èrò kan tó ń bọ̀ láti Lomé ló gbà á sílẹ̀. Awakọ̀ dúró kó lè rẹ́rìn-ín, Mẹ́tìrì sì rọra jókòó lé àpò àgbàdo tó wà lórí ọkọ̀. Kó tó tú okùn kan, awakọ̀ ti ki eré mọ́lẹ̀. Ó gbé e dé Atakpamé, igi méjèèjì ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ọjọ́ kejì ló fẹsẹ̀ rìn padà, tòun ti àgéré léjìká.

"Ẹ̀kọ́ yẹn kù díẹ̀," ó wí. "Kí ẹni tó ń gòkè kọ́kọ́ mọ ibi tí yóò gbà sọ̀."

Ignace Ògúnkọ̀yà nìyẹn. Kì í ṣe olùkọ́ rárá. Akọ̀wé tó ń wọn kọfí ni, nínú àká yẹn gan-an, títí àwọn tó gbà á síṣẹ́ fi kó lọ tí wọ́n fi àká sílẹ̀ fún abúlé. Àpótí ìwé Faransé kan tí ọ̀gá rẹ̀ kò rí àyè fún nínú ọkọ̀ ni òun rí mú níbẹ̀: ìwé bí a ṣe ń borí ìtìjú, bí a ṣe ń tẹra mọ́ṣẹ́, bí a ṣe ń ronú kan ohun tuntun. Ó kà wọ́n tán, ó ní ìwà ahun ni kí òun nìkan gbọ́n. Láti ìgbà náà, lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú, ó ń tú wọn sí Ifẹ̀, èdè wa, fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́. A ń pè é ní Mẹ́tìrì bí a ti ń pe olùkọ́. Àwọn kan fi ọ̀wọ̀ pè é, àwọn tó pọ̀ fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

Ikán ti jẹ ìdajì ìwé tó ṣàlàyé bí a ṣe ń di olówó. Ibi tí ikán bá jẹ dé, Mẹ́tìrì á fi ìrírí tirẹ̀ parí ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan Olúgbódi ọdẹ bi í pé, "Mẹ́tìrì, ta ni ìwé yìí ti sọ di ọlọ́rọ̀ rí?"

"Ikán," ó dáhùn. "Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe sanra ni?"

Ọ̀sẹ̀ tó kọ́ wa pé kí a fi ohun tó wà nílé ṣe ohun tí kò sí, ó dojú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délẹ̀, ó de páànù tó dá lu mọ́ táyà ẹ̀yìn, ó sì fi rin ẹ̀gẹ́ fún Colette ìyàwó rẹ̀, tó ń ta gàárì fún àwọn èrò ọkọ̀. Ẹ̀gẹ́ náà kúnná lóòótọ́, àmọ́ gàárì ń rùn bíi gírísì. Colette kò bá a jà. Ó kàn ń bu gàárì náà síwájú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

"Ìyá Lucie, ṣé kò sí oúnjẹ mìíràn ni?"

"Bàbá Lucie, fi ohun tó wà nílé ṣe ohun tí kò sí."

Ẹ̀fẹ̀ kan wà tó ná an ní ohun púpọ̀. Lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn pa orúkọ òyìnbó tì, Fádáhùnsí, tó ti ń jẹ́ Dominique látìgbà ìrìbọmi, ló kọ́kọ́ sáré lọ yí tirẹ̀ padà, ó sì ń ṣọ́ ẹnu àwọn yòókù kiri. Mẹ́tìrì fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní, "Ẹni tó yí orúkọ padà tí kò yí ìwà padà, fìlà ló pààrọ̀. Orí àná ló ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀." A rẹ́rìn-ín títí. Fádáhùnsí kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbàgbé.

Ohun kan ṣoṣo ni Mẹ́tìrì sì ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀: kí wọ́n ṣí àká fún ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́ Àìkú, nítorí òjò. Lábẹ́ máńgòrò, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, oníkálukú á gbọ̀nà ilé, ẹ̀kọ́ á sì dá síbẹ̀. Eku nìkan ló wà nínú àká náà. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Mẹ́tìrì ń lọ kúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ fún un pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n," ni yóò wí, yóò sì padà sídìí igi rẹ̀. Ọdún gorí ọdún. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń wí i yìí, torí kò sẹ́ni tó bá a bẹ̀bẹ̀ nínú gbogbo abúlé.

Nígbà òjò kan, ikọ́ dì í mú. Colette bẹ̀ ẹ́ kó sinmi.

"Bí n ò bá lọ, wọ́n á ní mo ti jáwọ́," ó wí. "Ta ló wá máa gba ẹ̀kọ́ ìforítì lẹ́nu mi mọ́?"

Ó lọ. Òjò ká a mọ́ ìdí igi. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wé ìwé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kò dìde mọ́.

Ẹ wá wo ọmọ aráyé! Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, àká ṣí. Ilẹ̀kùn tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ṣí gbayawu. Wọ́n gbá a, wọ́n ta aṣọ sára ògiri, wọ́n háyà àga láti Atakpamé fún àwa tí kò gbé àpótí ìjókòó kan wá síbi ẹ̀kọ́ rẹ̀ rí. Fádáhùnsí dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀wù funfun, ó ń sọ fún àlejò pé ọmọ wa àtàtà ló lọ, inú àká yìí ló sì yẹ ká ti bu ọlá fún un.

Bí wọ́n ṣe gbé pósí débẹ̀, Colette dá wọn dúró.

"Ẹ gbé e lọ sábẹ́ máńgòrò."

"Ìyàwó wa, òjò ti ṣú," ni Fádáhùnsí wí.

"Ẹ ti wá mọ̀ pé òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀? Ilé tí ẹ kò gbà á sí láàyè, ẹ kò ní fi òkú rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò..."

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Wọ́n gbé e lọ sábẹ́ igi. Òjò bẹ̀rẹ̀. A dúró, ojú ń tì wá, kò sẹ́ni tó lè lọ jókòó sórí àga nínú àká. Ìgbà náà la rí Ẹ̀taòkò àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ lórí àgéré, láìsí ijó, láìsí orin. Tapólì ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ ni wọ́n di mú ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n nà án sórí pósí, sórí Colette, sórí gbogbo wa. Omi ń ṣàn lójú wọn, wọn kò sọ ọ́ sílẹ̀ títí àdúrà fi parí. Bí Mẹ́tìrì ṣe rí òrùlé nìyẹn, lọ́jọ́ tí kò lè kàwé mọ́.

Ó wá ku kí wọ́n sọ̀. Colette, tí kò tíì sunkún láti àárọ̀, gbójú sókè.

"Ẹ̀taòkò, ṣé o ti mọ ibi tí wàá gbà sọ̀?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n, Ìyá. Mẹ́tìrì ti kọ́ wa."

Ó yípadà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n lọ jókòó lé òrùlé àká, lórí páànù Fádáhùnsí. Fádáhùnsí wo páànù rẹ̀, ó wo ojú gbogbo wa. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wa sì tẹ̀lé e. Páànù náà ké kíríkírí lábẹ́ àwọn géńdé wọ̀nyẹn, kò sì tẹ̀.

Colette náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ ò rí i," ó wí. "Òrùlé yìí ìbá gbà á. Ọkọ mi ò kúkú wúwo."