Bọ́tìnnì Lẹ́tà Ńlá

Mo rántí ìró tí bọ́tìnnì lẹ́tà ńlá máa ń dún lórí ẹ̀rọ táìpù àtijọ́: kọ́, bí ìgbà tí èèyàn ti ìlẹ̀kùn. Bí ó bá ti há báyẹn, lẹ́tà ńláńlá ni gbogbo ohun tí o bá tẹ̀ yóò máa jáde, àfi bí o bá tú u sílẹ̀.

Èmi àti ìyàwó kékeré ilé wa ni ọkọ wa jọ fi sí ilé-ìwé táìpù ní Ṣakí. Èmi ni mo ka ìwé mẹ́wàá, èmi ni mo ti bímọ. Síbẹ̀, ìka ìyàwó ń sáré lórí ẹ̀rọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, tèmi ń wá lẹ́tà kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú iyanrìn. Bí a bá délé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni ọkọ wa máa ń ní kó mú wá kí òun wò. Kì í bèèrè tèmi. Ó ń dùn mí dé egungun.

Káńsù wá ń wá atẹ̀wé kan ṣoṣo, tíṣà wa ní ìdánwò ni òun yóò fi yan ẹni tí òun máa rán lọ. Àṣà rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ni láti ta aṣọ dúdú bo bọ́tìnnì gbogbo ẹ̀rọ. Abẹ́ rẹ̀ ni a ó ki ọwọ́ bọ̀, a ò sì gbọdọ̀ gbójú kúrò lára ìwé tí à ń wò kọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ẹ̀rọ ìyàwó, mo tẹ bọ́tìnnì lẹ́tà ńlá títí ó fi há. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ìyàwó dé, ó jókòó, ó wo ọmọ tó ń làágùn lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ìyáalé mi, ẹ bọ́ síbí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni. Ooru ti fẹ́ pa ọmọ wa."

Mo ní ibi tí mo wà tẹ́ mi lọ́rùn.

"Ẹ̀yin ló tẹ́ lọ́rùn. Ta ló bi ọmọ léèrè?"

Ó ti dìde. Mo sún lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi mú èmi jókòó sínú tèmi.

Kí tíṣà tó lu agogo, mo tú bọ́tìnnì náà. Kọ́. Ìyàwó yíjú. Ó wo aṣọ dúdú, ó wo ojú mi. Títí ìdánwò fi parí, mo ń gbọ́ tí ìka rẹ̀ ń dúró, tó ń tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ni wọ́n mú. Nígbà tí ọkọ wa bèèrè bó ṣe jẹ́, ìyàwó ní, "Ìyáalé mi mọ ẹ̀rọ yẹn jù mí lọ." Ojú mi ló ń wò bó ṣe sọ ọ́.

Ọmọ ìgbà náà ti wọ ilé-ìwé. Ẹ̀rọ oníná ni mo ń lò ní káńsù báyìí. Bí bọ́tìnnì yẹn bá há, iná pupa kékeré á tàn, gbogbo ọ́fíìsì á rí i. Mo máa ń dúpẹ́ pé kò sí irú rẹ̀ níwájú orí èèyàn. Ìyàwó ló ń bá mi pọn ọmọ mi kejì tí mo fi ń ráyè ṣiṣẹ́. Bí mo bá délé, tí mo na ọwọ́, tí ọmọ náà kọ̀ tí kò fẹ́ sọ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo ṣì máa ń gbọ́ ìró yẹn láyà mi: kọ́.