Ọwọ́ Tó Kù Nínú Fọ́tò

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, màá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe.

Láyé àwọn sójà ni, lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn olóṣèlú kúrò nílé ìjọba. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Ọ̀gá wa ní ká lọ ya fíìmù nípa bàbá kan ní Bódìjà, akọ̀ròyìn òṣèlú tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ bàbá náà. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Ring Road ló ti kọ́ mi níṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ní kó máa lọ sinmi nígbà tí ìjọba yí padà. Òṣèlú ò sí mọ́, kí ni akọ̀ròyìn òṣèlú fẹ́ kọ?

Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Mo-Bá-Wọn-Jẹun. Kò sí olóṣèlú tí wọ́n dárúkọ tí kò ní sọ pé, "Èyí? Mo bá a jẹun." Wọn kì í gbà á gbọ́. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní ni fọ́tò ńlá kan lára ògiri pálọ̀: òun àti olóyè kan tó jẹ́ olóṣèlú, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ bàbá wà léjìká olóyè, òrùka olókùúta pupa ń dán níka rẹ̀.

"Fíìmù yìí ló máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́," ó sọ fún mi. "Kí wọ́n rí i tán, kí wọ́n wá tún pè mí ní òpùrọ́."

"Ẹ kọ́kọ́ tún fìlà yẹn ṣe, sà. Ó jọ fìlà ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́."

"Orí ẹ ò dáa," ó ní, ó sì tún un ṣe.

Nígbà tí a tan kámẹ́rà, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Ó ní bí olóṣèlú bá ti bá ọ̀gá àwọn jà, òun ló máa ń mú bíléèdì, tí òun á gé e kúrò nínú fọ́tò. "Mo lè yọ gómìnà kúrò láàárín ìyàwó ẹ̀ àtọmọ ẹ̀, kẹ́ ẹ má mọ̀ pé ó dúró níbẹ̀ rí. Gbogbo àwọn tó ń ṣe fọ́tò nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn yẹn dòní, èmi ni mo kọ́ wọn. Ẹni tí kò wúlò lónìí, gé e." Ó rẹ́rìn-ín. Àwa náà bá a rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wa ní a ò lè gbọ́ tẹnu ẹ̀ nìkan. A bá gba ilé olóyè lọ. Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé àwọn sójà fẹ́ fún olóyè nípò, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ akọ̀ròyìn tí ẹnu ẹ̀ ò ní ìdè.

"Ta lẹ pè é?" olóyè béèrè.

"Akọ̀ròyìn ni wọ́n, sà. Wọ́n ní àwọn bá yín jẹun."

Olóyè rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. "Àwọn tó wá jẹun nílé mi pọ̀. Ẹlòmíì, àwo ló wá kó. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá wa ní ká fi parí fíìmù.

Nírọ̀lẹ́ tí a fẹ́ gbé e jáde, bàbá kó ayálégbé àti àwọn àna tó ti Ṣakí wá jọ sí pálọ̀, ó ra ẹlẹ́rìndòdò fún wọn, ó sì fi mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Mi ò sọ ohun tí olóyè wí fún un. Fíìmù dé ibi ọ̀rọ̀ olóyè, ó parí.

Ọ̀kan nínú àwọn àna ló kọ́kọ́ lanu. "Ẹ̀gbọ́n, àwo mélòó lẹ kó bọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹlẹ́rìndòdò fi ń gba imú ẹlòmíì jáde. Ìyàwó rẹ̀ fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Fọ́tò ńkọ́?" bàbá ní. "Ẹ ò rí fọ́tò lára ògiri ni?"

"Gbogbo èèyàn ló lè sáré dúró ti olówó ya fọ́tò," àna náà dá a lóhùn.

Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán tí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀: àwọn sójà ti fi olóyè yẹn ṣe kọmíṣọ́nà. Kò pẹ́, dírẹ́bà ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kanlẹ̀kùn.

"Ẹ kú alẹ́, sà. Wọ́n ní kí n gba fọ́tò olóyè lọ́wọ́ yín. Nínú àwọn fọ́tò olóyè tó wà lọ́fíìsì, kò síbi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín."

"Ojú ìwé àkọ́kọ́?"

"Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni, sà."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé fọ́tò náà kúrò lára ògiri, ó fi etí agbádá nu dígí rẹ̀, ó gbé e fún dírẹ́bà. Ó wá yíjú sí àwọn àna. "Ó dàárọ̀ o. Ẹ ṣáà jẹ́ kílẹ̀ mọ́."

Ilẹ̀ mọ́. Mo gba ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn lẹ́nu ọ̀nà ọjà Bódìjà kọjá, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Bàbá ti ṣáájú mi débẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti gba áyọ́ọ̀nù, òrùka wà lọ́wọ́. Àwọn tó máa ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ìwé ìròyìn ká.

Olóyè nìkan ló ń rẹ́rìn-ín lójú ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n ti gé bàbá dànù, iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní. Ẹni tó kọ́ wọn kọ́ wọn dáadáa. Ìka mẹ́rin nìkan ló kù léjìká olóyè, pẹ̀lú òrùka, torí bí bíléèdì bá mú ìyẹn, á mú èjìká kọmíṣọ́nà mọ́ ọn.

"Ọwọ́ ta wá nìyí?" awakọ̀ kan béèrè.

"Ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ ni," ẹlòmíì dá a lóhùn.

"Ìyàwó wo ló níka bí iṣu báyìí? Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ yọ owó lápò wọn ni." Awakọ̀ náà gbójú sókè. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn olóṣèlú. Ọwọ́ ta ni?"

Bàbá wò mí. Èmi ń wo ìwé ìròyìn. Ó rọra ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, tòun tòrùka.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ó ní.