Ẹni Mẹ́sàn-án Tó Wà Nísàlẹ̀ Ọkọ̀ Orí Àpáta

Ìyá Aránṣọ kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, lórí bẹ́ǹṣì tó fi ń dúró de ọ̀gá ní ọ́fíìsì èbúté wa. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ rò pé ó ń sùn ni. Ó jẹun ọ̀sán tán kó tó fọwọ́ kàn án.

Lókè bẹ́ǹṣì náà ni fọ́tò tí gbogbo yín mọ̀ wà: ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù tó forí sọ àpáta, tí èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà. Ó rẹwà, àbí? Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀mí kankan kò ṣòfò."

Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́.

Akọ̀wé ni mí níbẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Inú ìwé là ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sí. Àwọn tó ń kó èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì kì í bá ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ju ìrìnàjò ẹyọ kan lọ, nítorí náà orí pátákó dúdú la ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ tiwọn. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, màá fi àkísà nù ún. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí omi ya wọlé, ọkọ Ìyá Aránṣọ sì wà nínú wọn. Ọ̀gá mi bèèrè iye ẹni tó kú. Mo ṣí ìwé. Gbogbo àwọn inú ìwé ló yè.

"Kò sí, sà."

Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni Ìyá Aránṣọ nígbà tó kọ́kọ́ wá bá wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kọ orúkọ ọkọ mi sábẹ́ fọ́tò yẹn."

"Kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é fún yín ni. Ṣé etí yín di ni?"

Ọ̀kan nínú wa ní bóyá ọkọ ti rí arẹwà kan lókè òkun. A rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Ọ̀gá mẹ́fà ló jẹ lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ fún un: "Mama, ẹ lọ mú ẹlẹ́rìí wá." Ta ni yóò jẹ́rìí sí ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ti nù? Ẹlẹ́rìí ọ̀hún, èmi fúnra mi, jókòó sí tábìlì kejì, ó ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi sáré fún ọgọ́ta, opó náà sì ti lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá èbúté, ẹ yọ irọ́ yẹn lára ògiri kí wọ́n tó sin Ìyá Aránṣọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní gbangba. Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà kí àwọn ọ̀gá tó ṣì wà láàyè wá sọ ìdí tí wọn kò fi bi akọ̀wé tiwọn léèrè. Màá pe orúkọ mẹ́rin nínú àwọn mẹ́sàn-án. Ẹ má fi falẹ̀. Ní èṣín, márùn-ún ni mo ṣì ń rántí.