Ṣónṣó Gbòǹgbò Àlùbọ́sà

Ní àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ mi ní yàrá àyẹ̀wò yunifásítì ní Samaru ni kí n máa gbé àlùbọ́sà lé ẹnu ife omi, kí ó lè ta gbòǹgbò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Kì í ṣe tèmi láti kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin kan nínú wọn ti fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí rí. Bó bá tún kùnà nínú ìdánwò ọjọ́ kejì, ilé ló ń lọ. Ó ń fi maikirosíkóòpù, awò tó ń sọ ohun tín-ín-tín di ńlá, wá sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì nínú gbòǹgbò náà, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara ohun abẹ̀mí; kò rí i.

"Àǹtí, àlùbọ́sà yín ti kú."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti gé ṣónṣó gbòǹgbò náà sọnù, bí ìgbà tí à ń gé ìdí ẹ̀fọ́ ká tó sè é.

"Kò kú. Ibi tó ń dàgbà lo gé sọnù. Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú ṣónṣó mìíràn. Nígbà tó yá, ó dìde lórí àga rẹ̀ fún mi.

"Ẹ wá wò ó, Àǹtí."

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà; ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí sẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ ìdánwò, ṣónṣó ló mú, ó sì yege.