Cho Braulio, Olórí Ọ̀fun Gbígbẹ

Ìjọba ológun ti fòfin de orúkọ kánífà, ọdún orin àti ijó ìgboro. Ọdún Ìgbà Òtútù ni a gbọ́dọ̀ máa pè é. Wọ́n sì gé ẹsẹ mẹ́rin kúrò nínú orin Cho Braulio. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní Santa Cruz, ẹgbẹ́ rẹ̀, Ọ̀fun Gbígbẹ, ọkùnrin méjìlá tó fi ọ̀dà kun ojú, gun orí pèpéle. Wọ́n kọrin nípa omi ẹ̀rọ àdúgbò Toscal tí wọ́n já, títí dé ibi tó kàn láti dárúkọ ẹni tó já a. Ibẹ̀ ni ẹsẹ mẹ́rin náà wà. Wọ́n fi fèrè esùsú sẹ́nu, èyí tó ń dún bí ewúrẹ́ tí òtútù mú, wọ́n sì fọn ohùn orin náà láìfi ọ̀rọ̀ kankan sí i. Toscal ti fi oṣù mẹ́ta gbọ́ ìdánrawò orin náà láti ojú fèrèsé. Gbogbo èrò ló fi ọ̀rọ̀ sí i.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ránṣẹ́ pe Cho Braulio.

“Ta ni orin yẹn ń bá wí?”

“Orin wo, ọ̀gá? Fèrè la fọn.”

“Àwọn èèyàn ń pariwo ‘olórí ìlú’.”

“Ẹ lọ kó wọn wá. Wọn ò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Màá dúró dè yín níbí.”

Oníṣọ̀nà bàtà ni Cho Braulio. Bí bàtà tó ṣe bá há ọ, á ní ẹsẹ̀ rẹ ló ń ṣe agídí. Kò lè kọrin. Ohùn rẹ̀ a máa yà kúrò lójú ọ̀nà, a sì pa dà dé lẹ́yìn tí orin bá ti parí. Ẹnu nìkan ló ní. Ó tó.

Ẹ̀rọ omi kan ló wà fún ogójì yàrá nínú àgbàlá wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú já a, kí omi lè tó fún òdòdó iwájú ilé àwọn ọlọ́lá. Delmira, ìyàwó rẹ̀, ń gbé agolo omi gun òkè lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Nítorí ọrùn obìnrin yìí ni gbogbo orin náà ṣe wáyé.

Don Evelio ni akọ̀wé ìjọba tó ń gé orin. Ọdọọdún ni Cho Braulio ń lọ bá a dúnàádúrà bí ẹni tó ń ná ewúrẹ́. Á kọ ẹsẹ mẹ́ta nípa orúnkún bíṣọ́ọ̀bù, kí akọ̀wé lè rí nǹkan gé kí inú rẹ̀ dùn.

“Yọ ‘olè’ kúrò níbí yìí,” Don Evelio wí ní ọdún tó tẹ̀lé e.

“Kí ni kí n fi rọ́pò?”

“Kọ ‘ẹni iyì’.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́. Báyìí ni Ọ̀fun Gbígbẹ ṣe kọrin pé ẹni iyì ló kó omi Toscal lọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba. Títí di òní, bí o bá gbọ́ ní àdúgbò yẹn pé ẹni iyì kan ń bọ̀, di àpò rẹ mú.

Ní ọdún kẹta, omi pa dà dé.

“Má rò pé orin rẹ ló mú un wá,” Don Evelio wí. “Ó ti wà nínú ètò tẹ́lẹ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Bí orin ò bá lè ṣe nǹkan kan, kò sí ohun tí ẹ máa gé lọ́dún yìí.”

Ẹsẹ méje ni Don Evelio gé.

Nígbà tí Cho Braulio kú, ìgbìmọ̀ ìlú fi òdòdó ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé “Aláwàdà wa ọ̀wọ́n”. Irọ́ ni. Kì í ṣe tiwọn, kì í sì í ṣe àwàdà ló bá wọn ṣe. Wọn ò tọrọ àforíjì rí, kò sì sẹ́ni tó fi jì wọ́n. Delmira gbé òdòdó náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bomi rin ín,” ó wí.

Àwọn ọkùnrin mọ́kànlá tó kù jókòó sí yàrá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi Delmira bóyá Cho Braulio kọ orin kankan fún un rí.

“Rárá. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, ‘Braulio, gbogbo ayé lo kọrin fún, èmi ńkọ́?’” Ó ń po gófíò, ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan, nínú abọ́, kò gbójú sókè. “Ó ní, ‘Mi ò ní ẹjọ́ kankan tí mo fẹ́ bá ọ rò, Delmira. Kí ni mo fẹ́ kọ?’”