Omi Pupa Orí Àpáta

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Ìyá Ẹniọlá kò mọṣẹ́. Irọ́ ni! Ní gbogbo Ìrè-Èkìtì, òun nìkan ló ń pa òwú irun àgùntàn láró láìdá iná. Èéfín igi ti ba àyà rẹ̀ jẹ́. Bó bá ń wúkọ́, àánú rẹ̀ á ṣe yín. Ló bá sọ oòrùn di iná. Àpáta kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tí ẹsẹ̀ lásán kò lè tẹ̀ lọ́sàn-án. Orí rẹ̀ ló ń gbé ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ sí. Yóò rẹ pòròpórò ọkà bàbà sínú omi, yóò dé e, títí omi yóò fi pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tó ki òwú bọ inú rẹ̀, tí oòrùn yóò sì máa bá a sè é lọ.

Ilé rẹ̀ wá ní àṣà kan. Kí òwú tó wọnú omi, wọn a bu ife kan mu. Ta ni kò mọ̀ pé omi pòròpórò ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀? Ẹniọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, omi yẹn ló mu dàgbà. Bó bá ti ilé ìwé dé, yóò bu ife kan, yóò dà á sọ́fun, yóò nu ẹnu nù. Ìyá rẹ̀ a sì máa yangàn láàárín àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Ewé àti oòrùn ni. Aró tèmi, ẹ lè fi gbé oògùn mì!"

Àbùkù kan ṣoṣo ni aró náà ní: àwọ̀ rẹ̀ kì í dúró lára òwú. Lọ́jọ́ ìsàmì ọmọ Olúfúnkẹ́, aládùúgbò rẹ̀, òjò pa fìlà pupa tó hun fún ọmọ náà, aró sì ṣàn sí ọmọ lójú níwájú ìjọ. Olúfúnkẹ́ ní, "Ìyá Ẹniọlá, àbí ọmọ lẹ fẹ́ pa láró ni?" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Kó tó gbàgbé ẹ̀sín yìí, Ẹniọlá lóyún. Ó ti pẹ́ tó ti ń wojú Olúwa nílé ọkọ. Ìyá rẹ̀ jó, ó yọ̀. Ó ní fìlà tí ọmọ-ọmọ òun máa kọ́kọ́ dé, omi kò ní rí i gbé ṣe.

Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti mú un. Obìnrin kan ti sọ fún un lọ́jà Adó pé oògùn búlúù tí àwọn olóko fi ń fín kòkó máa ń jẹ́ kí aró di òwú mú. Ọkọ rẹ̀, olóògbé Akínbọ̀dé, fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú agolo. Ó fà á yọ lábẹ́ ibùsùn, ó dà á sínú omi pòròpórò, kò sọ fún ẹnì kan. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́, ẹni tó ń pariwo ewé àti oòrùn káàkiri? Ó gbé ìgò sórí àpáta, ó gba oko lọ já ẹ̀fọ́, torí ọ̀la ni Ẹniọlá ń bọ̀ wá bímọ sílé.

Ẹniọlá kò dúró di ọ̀la. Nọ́ọ̀sì ní Ìkọ̀lé ló sọ fún un láàárọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, òun náà sì mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Ó wọ mọ́tò, ó di Ìrè.

"Yèyé! Ẹ ò sí n'ulé ni?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó rí ìgò. Òwú kò tíì sí nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ṣì ṣeé mu. Ó mú ife, ó bu omi náà mu.

Lẹ́bàá àpáta ni ìyá rẹ̀ bá a, tó ká jọ, tó ń bì, tí omi pupa ti dà sí búláòsì funfun ọrùn rẹ̀. Agbọ̀n ẹ̀fọ́ bọ́ sílẹ̀.

"Ẹniọlá! Kí lo jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan, Yèyé. Omi yín ni. Ó korò, ṣùgbọ́n mo mu ife méjì. Ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ọmọ."

"Mo dáràn! Ẹ gbà mí o!"

Olúfúnkẹ́ ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Lọ́nà, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá Ẹniọlá, kí ló wà nínú omi yẹn? Wọ́n máa bi wá o."

Obìnrin náà wo ẹnu tó fi í ṣẹ̀sín. "Ewé ni," ló wí. "Ewé àti oòrùn."

Ẹyin lohùn. Ohun tó sọ fún dókítà náà nìyẹn, dókítà sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó mu ewé lásán. Ìgbà tí ojú Ẹniọlá yí padà ni ìyá rẹ̀ tó wó lulẹ̀, tó ń ké pé, "Oògùn kòkó! Oògùn kòkó ni mo dà sí i!" Gbogbo wọn sáré. Ọmọ inú ló kọ́kọ́ lọ. Ẹniọlá tẹ̀ lé e kí oòrùn tó wọ̀.

Títí di òní, bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ilé yẹn kọjá lọ́sàn-án, ẹ máa bá Ìyá Ẹniọlá lórí àpáta níbi tó ti ń fọ búláòsì ọmọ rẹ̀. Ó ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó ti sá a sóòrùn títí. Àwọ̀ náà kò jáde.