Ọwọ́ Tó Dì Mí Mú Nínú Yàrá Síkáànì

Bí mo bá ń purọ́, kí ojú tí mo fi ń wo ọmọ inú oyún má ríran mọ́. Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru.

Iṣẹ́ síkáànì ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ladi-Lak, ní Èkó. Ìjọba alágbádá ti dé, wọ́n ní iná ò ní máa lọ mọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Nítorí iná yìí, eré ni mo máa ń sá: mo wọn orí ọmọ, mo wọn itan, mo sọ bóyá akọ ni tàbí abo, ó parí. Ó sì ti rẹ̀ mí wá láti ilé lọ́jọ́ náà.

Obìnrin kan wá láti Ṣómólú, oyún àkọ́kọ́. Ó fi pínnì há etí bùbá rẹ̀ kí ohun búburú tó ń rìn lọ́sàn-án má bàa wọ inú oyún. Mo bá a ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ilé àdúrà kan ní Bàrígà ló fẹ́ bímọ sí. Mo ti wọn gbogbo rẹ̀ tán, mo fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò, ni iná bá lọ.

Ẹ gbà mí gbọ́. Fáànù dúró, gílóòbù kú, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ ò kú. Ọwọ́ kan tó tutù bí omi àmù di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fà á gòkè sí àyà ọmọ náà. Àwa méjì péré la sì wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí i. Àpòlúkù ọmọ náà, tó yẹ kó wà nínú ikùn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn rẹ̀: irú ìpá kan ni. Ìpá tí gbogbo wa mọ̀, ìsàlẹ̀ ló ń sọ̀ sí. Eléyìí gòkè ni, ó gba àyè tí ẹ̀dọ̀fóró ìbá fi dàgbà.

"Dókítà," obìnrin náà sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ta ló di ọwọ́ yín mú?"

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo tún un wò. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bí ọmọ yìí sílé àdúrà o. Ọsibítù ńlá ni, níbi tí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé wà. Bó bá ṣe ń jáde ni wọ́n máa fi ẹ̀rọ bá a mí, kí wọ́n tó tún un ṣe."

"Ṣé ó máa yè?"

"Mi ò mọ̀."

Ó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́, ó sì ń dùn mí.

Láti ìgbà náà, mo ń fara balẹ̀ wo àyà ọmọ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án àná, ọwọ́ yẹn tún dì mí mú lórí oyún obìnrin míì. Mo wo àyà, mo wo ikùn, mo wo ìdodo, mi ò rí nǹkan kan. Mo ní kó máa lọ sílé. Mi ò sùn.

Ìwọ tó o dùbúlẹ̀ níwájú mi lánàá, bí o bá ka èyí, má jókòó sílé. Padà wá, tàbí kó o lọ bá ẹni tí ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ohun kan wà lára ọmọ yẹn tí mi ò rí.